Adìẹ Ti Rìn

Bí mo bá rí ẹni tó na ọwọ́ méjèèjì sókè ṣàdúà, àfáà tó kọ́ wa ní kéwú ní Ìwó ni mo máa ń rántí. Bí ọwọ́ wa bá rẹlẹ̀, wọ́n á jágbe mọ́ wa: "Ẹ nà án dáadáa! Ọwọ́ tó bá nà sí Ọlọ́run kì í bọ̀ lófìfo."

Ọ̀kadà gbé wọn ṣubú lọ́nà Kuta, apá ọ̀tún wọn kán láàárín èjìká àti ìgúnpá. Dókítà ní òun máa là á, òun á fi irin dè é. Àfáà kọ̀, wọ́n lọ bá bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá náà ní kí ìyàwó Àfáà mú adìẹ wá. Ó ṣẹ́ adìẹ náà lẹ́sẹ̀, ó fi igi di ẹsẹ̀ adìẹ àti apá Àfáà. Ó ní tí adìẹ bá ti rìn, apá ti san nìyẹn.

Adìẹ rìn. Gbogbo wa hó yèè. Wọ́n tú igi, apá náà rọ̀ dirodiro. Ìyàwó wọn di ìka wọn mú, wọn ò mọ̀ ọ́n lára.

Ìgbà yẹn la tó gbé wọn padà sí ọsibítù. Dókítà fi irin sí i, eegun so pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìdè igi yẹn le jù, iṣan ti kú.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo ní kí wọ́n ṣàdúà fún mi. Ọwọ́ òsì nìkan ló gòkè. Adìẹ yẹn ń tanlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀lé e.

"Jọ̀ọ́," ni Àfáà wí, "bá mi lé e lọ."