Igbá Epo Bàbá Ọkọ Mi

Òórùn tó máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní ìsọ̀ mi ní Glei ni òórùn ẹsáńsì, bẹntiróòlù tí a ń rọ sínú ìgò tí a sì ń tò sórí tábìlì lẹ́bàá títì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á dé. Ìyẹn wúwo, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ débi pé bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi á ti mọ̀ pé èmi ni mo wà níwájú wọn láì wo ojú mi. Mi ò tijú rẹ̀ rí o. Òórùn yẹn ló rán àwọn ọmọ mi lọ sílé ìwé. Àwọn ọkọ̀ èrò tó ń ti Lomé bọ̀ lọ sí Atakpamé máa ń dúró lọ́dọ̀ mi, àwọn ọlọ́kadà tí àwa ń pè ní zémìjàn máa ń dúró, àwọn lagilagi pàápàá máa ń ti inú igbó jáde wá bá mi, nítorí wọ́n mọ̀ pé mi ò kì í ta ohun tí mi ò mọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mọ́tò tó ti gbó ń fẹ́ ọ́ìlì tó ki, torí pé inú rẹ̀ ti jẹ, èyí tó ṣàn á kàn gbabẹ̀ kọjá lọ ni. Mọ́tò tuntun ń fẹ́ èyí tó ṣàn. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń la igi tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn, torí ẹnu méjì ló ní. Ẹnu kan ń gba ọ́ìlì tó ń ta sí ṣéènì lára kó má baà gbóná jù. Ẹnu kejì ń gba ẹsáńsì, ẹsáńsì ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ dá wọ ibẹ̀. A gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì tirẹ̀ mọ́ ọn, kó má pọ̀ jù, kó má sì kéré jù. Bí oníbàárà bá ti ra ẹsáńsì fún ayùn, mo máa ń sọ fún un pé, "Láìsí ọ́ìlì nínú rẹ̀, ikú ayùn lo gbé dání yẹn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Mamá tún ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

Ọkọ mi náà, igi ló ń là. Ìlú wọn ni Akparé, àwọn igi tíìkì àgbègbè yẹn ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ayùn ayálò ṣiṣẹ́ kó tó ra tirẹ̀. Ọjọ́ tó rà á, kò gbé e wá sọ́dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé e lọ sínú igbó. Iwájú bàbá rẹ̀ ló gbé e lọ. Bàbá ọkọ mi ló ń bọ́ irin ilé wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé kò sí irin tó wọ agbo ilé yẹn, ìbáà ṣe ọkọ́ tàbí àdá tàbí ọ̀kadà, tó gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé Bàbá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu epo pupa láti inú igbá kan báyìí, kó sì ta á sí i lára. Lọ́dọọdún, wọ́n tún máa ń kó gbogbo irin ilé jọ fún un. Ọkọ mi ti ṣèrìbọmi, èmi náà ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ṣùgbọ́n a ò jiyàn èyí rí. Bàbá da epo sí ayùn lára, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún bí ẹni tí ń fi òróró pa ọmọ tuntun, ó ní kó máa jẹ igi, kó má jẹ ènìyàn. A ṣe àmín.

Kí o mọ irú ẹni tó jẹ́ nígbà yẹn: ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó ti fi oko sílẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń bu omi ìwẹ̀ fún un. Àbúrò rẹ̀, tí agbára ṣì wà lára rẹ̀, ti ń sọ láàárín àwọn àgbà pé ó yẹ kí Ẹ̀gbọ́n sinmi báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé igbá epo ló ń wò. Igbá yẹn sì nìkan ni iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ Bàbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé irin wá, á wẹ̀, á wọ aṣọ funfun, ohùn rẹ̀ á sì padà sí ohùn ọkùnrin tí mo bá nílé ọkọ nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun.

Ó máa ń wọkọ̀ wá sí Glei nígbà mìíràn kó lè jókòó tì mí. Ìjókòó bẹ́ẹ̀ ló jókòó lọ́jọ́ kan tó gbọ́ ìwàásù tí mò ń ṣe fún lagilagi kan. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, ó bi mí pé, "Ìyàwó wa, ṣé inú lọ́hùn-ún ni irin náà ti ń jẹun ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Tí kò bá rí òróró nínú, ó kú nìyẹn."

Ó ní, "Hẹn. Ara nìkan sì ni èmi ta epo sí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ọkọ̀ kan dúró, mo dìde lọ tà.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn. Ilé Bàbá ni ọkọ mi máa ń gbé ayùn sí bí kò bá lọ sóko igi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rọ ẹsáńsì tí mo pò fún un lé èyí tó kù nínú ayùn, ó sì lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan tí òun fà á, èéfín funfun ló ń tú jáde. Ó ní kò tíì jẹ igi àkọ́kọ́ dé ìdajì tó fi ké, tó sì dúró gbagidi. Ó gbé e sórí zémìjàn, ó gbé e wá bá mi. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ibi tí ẹsáńsì ń wọ̀, kò sí òórùn ọ́ìlì mi níbẹ̀. Òórùn epo pupa ni, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dín àkàrà. Mo ti ìka bọ ẹnu rẹ̀, epo tó ti dì nínú òtútù bá ìka mi jáde, pupa fòò. Òun ló dí ojú ọ̀nà tí ẹsáńsì ń gbà, tí ẹ́ńjìnnì fi gbẹ tó sì há.

Èmi àti ọkọ mi wo ara wa. Ta ni ì bá tún fi epo pupa kan irin nínú agbo ilé yẹn? Bàbá ti lọ bọ́ irin náà nínú gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ fún un, ó sì fi èyí tó níye lórí jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ ọ.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Tí ilé bá gbọ́, wọ́n á gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Nílé wọn, ọwọ́ tó bá pa irin kò gbọdọ̀ bọ́ irin mọ́. Mo rí omi lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ayùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayùn náà ni a fi ń jẹun. Mo gbé ẹsáńsì, mo fọ inú ayùn yẹn, mo tún un fọ̀, títí kò fi sí àmì epo pupa kankan níbẹ̀ mọ́.

Mekaníkì wá láti Atakpamé. Ó tú u, ó mi orí. "Mamá, ó ti sẹré." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyẹn bí inú ẹ́ńjìnnì bá ti gé ara rẹ̀ jẹ tí kò yí mọ́. Ó wo ọkọ mi. "Ọ́ìlì wo lẹ pò mọ́ ẹsáńsì rẹ̀?"

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo dáhùn. "Ọ́ìlì ọwọ́ mi ni. Ó jọ pé èyí tí mo rà kẹ́yìn ò dára."

Ọ̀rọ̀ tó bá dé ẹnu mekaníkì, ó ti dé títì nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn zémìjàn fi sọ mí ní Ìyá Sẹré. Wọ́n á fọn fèrè bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á pe orúkọ náà, wọ́n á sì lọ ra ti ẹlòmíràn. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé ó ń dùn mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló pa mí lẹ́kún, awakọ̀ kan tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo gbé oyún àkọ́bí mi. Ó dúró, ó fi ọ́ìlì mi ra ìka, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì rọra dá ìgò padà sí àyè rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mamá. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mò ń wà." Kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Ọkọ mi, tó ti ń bá àwọn ẹlòmíràn ru pákó, ní ká sọ òótọ́. Mo ní, "Ṣé òótọ́ á jí ayùn dìde ni? Jẹ́ kí Bàbá fi iyì lọ sí ọ̀run rẹ̀."

Bàbá sì wá sí Glei. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó sì ń fetí sí títì.

"Ọkọ̀ ò dúró lónìí."

"Wọ́n á dúró, Bàbá."

"Wọ́n ní ọ́ìlì rẹ ló pa ayùn ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́, kí lo wí?"

"Ọ́ìlì mi ni, Bàbá."

Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. "Bù ú sí mi lọ́wọ́." Mo kán díẹ̀ sí i. Ó fi ìka rà á, ó gbé e sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Tí epo pupa bá wọ ibi tí èyí ń wọ̀ ńkọ́?"

Mo ṣe bí ẹni tí ń tún ìgò tò. Ó fi ọwọ́ nu itan, ó ní, "Yoo," bí a ṣe máa ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti yé wa, ó sì ní kí n dá ọkọ̀ Akparé dúró fún òun.

Nígbà tí ọjọ́ bíbọ́ irin ọdún yẹn pé, ìdí ààrò ni mo wà pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé, à ń lọ ẹ̀wà. Àwọn ọkùnrin ti kó irin jọ sáàárín agbo ilé, wọ́n gbé ayùn tó kú náà wá, torí wọn kì í yọ òkú irin sílẹ̀. A ń gbọ́ ohùn Bàbá bó ṣe ń kí ọkọ́, tó ń kí àdá. Nígbà tó kan ayùn, ohùn náà dákẹ́. Mo gbé orí sókè. Bàbá di igbá epo mú, kò sì da nǹkan kan.

Ó ní, "Irin yìí, èmi ni mo pa á. Epo yìí ni mo dà sí i nínú níbi tí kò yẹ. Ọ́ìlì ìyàwó wa ò mọwọ́ mẹsẹ̀." Ó tẹ̀ ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá náà ka iwájú àbúrò rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ tó ti ń wá igbá yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ń wò ó nílẹ̀, kò mọ ohun tí ì bá fi ọwọ́ ṣe. Èmi ti sáré jáde pẹ̀lú ẹ̀wà lọ́wọ́, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo ń sunkún. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé? A ti bò ó."

Ó wá orí mi títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á. Ó ní, "Mo mọ̀, ìyàwó wa. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n irin yìí la fi ń búra nílé yìí. Tí mo bá ń da epo sí i lórí irọ́, ṣé epo ni mò ń dà?"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Bàbá dé títì, àwọn oníbàárà mi padà. Awakọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó kí mi. Nígbà tí owó dé, a pààrọ̀ inú ẹ́ńjìnnì ayùn, ọkọ mi padà sínú igbó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àga ni Bàbá jókòó sí bí àbúrò rẹ̀ ti ń bọ́ irin, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, mi ò sì lè wo ọwọ́ náà. Ó kú kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rò ó títí. Ìfẹ́ ló mú mi parọ́, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mi ò ní tún irọ́ náà pa. Mo rò pé igbá yẹn nìkan ló kù fún un láyé. Ohun tó kù fún un gan-an ni pé kò parọ́ níwájú irin rí, èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ ló sì kù díẹ̀ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.