Ṣòkòtò Jíǹsì Tí A Kò Gbọdọ̀ Gé

Òórùn ni ó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Atíkòrí ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kí ẹni tí ó gbé e wá tó kí mi. Òórùn ẹja yíyan ni, òórùn káńfọ̀ sì tẹ̀ lé e. Lábẹ́ àwọn méjèèjì ni òórùn kan wà tí ó jọ ti ìkòkò aró tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ìyá kan tí ó máa ń gbé ẹja wá tà láti Ẹfirẹ ni, ọmọkùnrin rẹ̀ gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tú ọ̀rá dúdú kan, ó sì fa ṣòkòtò jíǹsì kan yọ tí ó le gan-an. Omi kò tíì kan aṣọ náà rí láti ìgbà tí wọ́n ti hun ún. Gbogbo sítáàṣì inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e nà ró lórí tábìlì, ó dúró fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ rìn. Mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà láti wo inú. Etí aṣọ náà kò tú, wọn kò sì fi ẹ̀rọ dì í: orí òfì ni wọ́n ti parí rẹ̀, ó funfun, òwú pupa kan sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ìwọ náà mọ irú etí bẹ́ẹ̀ bí o bá ti rí aṣọ tí àwọn ìyá wa hun rí. Mo ti ń rán ṣòkòtò fún ọdún pípẹ́ nígbà náà, síbẹ̀ n kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí.

Ọkọ ìyá náà ni ó ni ín. Awakọ̀ ojú omi ni, ó sì fẹ́ràn jíǹsì débi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó wà lókè òkun ni ó fi ránṣẹ́ sí i. Ó tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ ṣe máa ń wá, ó sì fi í pa mọ́ sínú àpótí. Ó ní ọjọ́ tí òun bá ń sin ọmọ òun lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni òun yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó rí ọjọ́ náà. Ọmọ ti wá rí ààyè wọlé báyìí, ìyá sì fẹ́ kí ó jẹ́ ọmọ náà ni yóò wọ ṣòkòtò náà lọ.

“Télọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi mú un kéré, ṣùgbọ́n ẹ má fi sísọ́ọ̀sì kàn án o.”

“Ìyá Ẹlẹ́ja, báwo ni n ó ṣe mú aṣọ kéré láì gé e?”

“Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni n bá wá?”

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ní ilé ọkọ òun, a kì í gé aṣọ tí òkú fi sílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Télọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbé e lọ bá ti fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sí i, ó sì ti mú sísọ́ọ̀sì dání, ni ìyá náà bá já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ níwájú mi. Ọwọ́ mi méjèèjì wọ àlàfo tí ó wà láàárín ìbàdí rẹ̀ àti aṣọ, ẹsẹ̀ ṣòkòtò sì ń gbálẹ̀.

Mo ti gbọ́ rí pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń sún kì nígbà tí ó bá kọ́kọ́ rí omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí a mọ̀, èmi kì í sì í ṣe ẹni tí ń fi ohun olóhun ṣe ìdánwò. Ní àkókò náà, mo ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbà ní Àgọ́-Ìwòyè, kí n lè parí ìwé tí mo fi sílẹ̀ ní kékeré. Kì í sú olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa láti sọ fún wa pé, “Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà.” Mo gba ìyọ̀ǹda ìyá náà, mo sì fi òwú funfun ṣe àmì sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan, níbi tí a ó kúkú ṣẹ́ sókè. Mo ṣe àmì ní òòró, mo ṣe ní ìbú. Mo wọ̀n ọ́n, mo rẹ ibẹ̀ nìkan sínú omi gbígbóná, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ. Nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n, àwọn òwú náà ti sún mọ́ ara wọn. Inú mi kọ́kọ́ dùn, àyà mi sì já lẹ́yìn náà, nítorí aṣọ náà sún kì ní òòró ju ti ìbú lọ. Ọmọ gíga ni ọmọ yìí. Bí gbogbo ṣòkòtò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìbàdí lè ṣì tóbi nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti gòkè kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Aṣọ tí a gé tóbi, a lè tún un gé. Èyí tí omi bá ti mú kúrú, kò sí télọ̀ tí yóò fà á gùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá náà láì fi ọ̀kan pa mọ́. Ó ní, “Bísímílà. Ẹ ṣe é.”

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni a ṣe é lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo po omi gbígbóná mọ́ tútù títí ara fi lè gbà á, mo dà á sínú báàfù ńlá, mo sì ní kí ọmọ náà wọ ṣòkòtò kí ó jókòó sínú rẹ̀.

“Ṣé ẹ fẹ́ se ọmọ mi ni?”

“Màámi, ata ló kù,” ni ọmọ náà wí.

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì mú iyọ̀ jáde, nítorí pé aṣọ aláró tuntun gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀ kí aró rẹ̀ má baà ṣá.

“Ìyá, n kò tíì dán iyọ̀ wò o.”

“Ìyá mi àgbà ti bá yín dán an wò.” Kí n tó dáhùn, iyọ̀ ti wà nínú omi.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn ni n kò lè gbàgbé. Omi náà kọ́kọ́ dà bí omi ògì, aró sì ń yọ́ jáde nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí èéfín. Aṣọ tí ó le bí pákó rọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a yan lórí iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súnra kì. “Bùròdá,” ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, “ó ń dì mí mú.” Mo ti ọwọ́ bọ ìbàdí rẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó wọlé. Nígbà tí mo tún dúró díẹ̀, ìka nìkan ni àyè gbà. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́. Aṣọ àti omi nìkan ni, wọ́n sì ń wá ara ènìyàn kiri. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù náà.

Mo ní kí ó dìde, mo fi ọwọ́ fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sísàlẹ̀ láti orúnkún, mo sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ bọ́ ọ. Kí ó máa rìn títí yóò fi gbẹ, kí ara rẹ̀ lè máa na aṣọ náà bí ó ti ń sún kì. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní àdúgbò, omi aró ń ro tótó lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kígbe sí i pé, “Ta ló tì ẹ́ sódò?”

“Télọ̀ ni!”

Mo lọ kírun Alásárì, ṣùgbọ́n ojú títì ni ọkàn mi wà. Nígbà tí mo dé, oòrùn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣòkòtò náà dúró ní ìbàdí rẹ̀ láìsí bẹ́líìtì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì kan bàtà rẹ̀ lọ́nà tí ó yẹ. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, nítorí ojú mi kò gbà á gbọ́.

“Ó gbà ẹ́?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“Ó gbà mí, Màámi.”

“Rìn lọ, kí n wò ẹ́. Máa bọ̀.” Ó ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń wá nǹkan. “Mo rò pé bàbá ẹ ni n ó rí bó o bá ń bọ̀.” Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ìwọ ni mo rí. Alhamdulillahi.”

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá ti gé aṣọ náà, ìwọ̀n tí èmi yàn ni ọmọ náà ì bá wọ̀. Bí a bá sì ti fi sílẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀, inú àpótí ni ì bá wà títí di òní. Mo máa ń pàdé ọmọ náà ní ojú ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè nígbà mìíràn. Aró ti ń ṣá níbi tí orúnkún rẹ̀ ti ń ṣẹ́, ibi tí orúnkún bàbá rẹ̀ kì bá ti ṣẹ́ ẹ, nítorí bàbá rẹ̀ kò ga tó o. Ohun tí mo kọ́ ni pé òkú lè fi ohun tí ó fẹ́ràn jù sílẹ̀ fún alààyè, kí ó má sì béèrè pé kí alààyè di òun.