Ohùn Àdìkẹ́ Nínú Téèpù Ìjagbo

Ó ti rẹ Àdìkẹ́ tẹnutẹnu kí Bọ̀ọ̀dá Gbádé tó kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tí kò ṣeé gbé, tó ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ibùsùn má baà bó o lára. Adétóyè lorúkọ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Pirinsípà ni gbogbo Ọ̀fà ń pè é, nítorí iṣẹ́ tó ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ìgbà téèyàn ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Làákàyè rẹ̀ nìkan ni àìsàn náà ò fọwọ́ kàn.

Tísà ni Àdìkẹ́ náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún. Olúwabùnmi ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin, ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá. Láàrin ọ̀sẹ̀, ìyá ni nọ́ọ̀sì, òun ni agbọ́únjẹ, òun náà ni alágbàfọ̀.

Gbádé jókòó, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan omi tí wọ́n gbé fún un. Ọkùnrin gíga ni. Irun orí rẹ̀ tó kún bí igbó nígbà èwe ti pá láìku ẹyọ kan.

"Àdìkẹ́," ó ní, "wọ́n ti rí wa o."

"Ta ló rí wa, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwo orin nílùú òyìnbó. Wọ́n fẹ́ gbé orin Ìjì jáde."

Ó ti pẹ́ tí Àdìkẹ́ ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìjì ni ẹgbẹ́ olórin tí àwọn ọ̀dọ́ kan dá sílẹ̀ ní Ọ̀fà lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, nígbà tí ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà gbòde. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, irú èyí tí jìtá máa ń ké bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Gbádé ló ń ta jìtá, Jàmíù ará Ìjagbo ló ń lu ìlù òyìnbó, àwọn méjì mìíràn sì ń tẹ̀ lé wọn. Àdìkẹ́ ló ń lé orin. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló wà nígbà náà. Tó bá kúrò ní kíláàsì, abà tí bàbá Gbádé ń kó àgbàdo sí ló ń gbà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi téèpù gba àwọn orin wọn sílẹ̀, kí wọ́n lè fi dán an wò kí wọ́n tó lọ ṣe àwo gidi ní Èkó.

Adétóyè wá tọrọ rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n fẹ́ lọ sí Èkó náà. Ọmọ katikíìsì ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tísà tó mọ́ tónítóní, tí kì í pariwo. Kò pariwo lọ́jọ́ tó sọ ọ́ náà.

"Àdìkẹ́, mi ò ní bá ọ jà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìyàwó tísà kì í dúró lórí ìtàgé láàrin àwọn onírun gbàgìdì. Bàbá mi ò ní gbà, èmi náà ò sì ní gbà."

Àdìkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Ká ní kò fẹ́ràn rẹ̀ ni, ì bá ti rẹ́rìn-ín sí i, kó gba ọ̀nà Èkó lọ. Ọkọ̀ ojú irin gbé àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ láìsí òun. Jàmíù ló kọ gbogbo orin tó yẹ kí Àdìkẹ́ kọ. Àwo náà jáde, àwọn èèyàn díẹ̀ rà á, ó sì kú. Ẹgbẹ́ náà kú tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà nìkan ni Àdìkẹ́ ń bá kọrin, láàrin ọ̀pọ̀ ohùn, nínú aṣọ funfun, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè ya tirẹ̀ sọ́tọ̀.

"Kì í ṣe àwo tó jáde yẹn ni wọ́n ń wá," Gbádé ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìyẹn ti wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ẹnì kankan ò tíì gbọ́ rí ni wọ́n fẹ́ kó jọ: àwọn tá a gbà sílẹ̀ nínú abà, àti ti òde tá a ti ṣeré. Nígbà tí Jàmíù kú, mo lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìjagbo. Wọ́n ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbé páálí kan sẹ́bàá ààtàn. Téèpù wa ló kún inú ẹ̀. Àdìkẹ́, ohùn rẹ ló wà níbẹ̀! Àwọn òyìnbó yẹn ò mọ̀ rárá pé obìnrin ló ni orin Ìjì. Wọ́n ní kó o fọwọ́ sí i, kó o sì sọ bí orin kọ̀ọ̀kan ṣe wáyé."

Àdìkẹ́ wo aṣọ ìbora tó rọ̀ sórí àga, tó yẹ kó ti fọ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí, Bọ̀ọ̀dá Gbádé," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀."

Gbádé fi àwọn orin náà, tó ti kó láti inú téèpù sórí fóònù tirẹ̀, ránṣẹ́ sórí fóònù Àdìkẹ́, ó dìde, ó kí Pirinsípà láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ó gun ọ̀kadà lọ.

Àdìkẹ́ ò ṣí i. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Gbádé pè, kò gbé e. Kì í ṣe pé ó ń bínú. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹrù tuntun tí wọ́n ní kó gbé lé orí èyí tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, ó ń fún Pirinsípà ní ògì, fóònù tún dún. Ó wò ó, Gbádé ni. Inú bí i díẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé òun á gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan, òun á sọ fún ọkùnrin yìí pé òun ti gbọ́ ọ, òun á sì sinmi. Ó gbé abọ́ ògì sílẹ̀, ó tẹ èyí tọ́wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà.

Téèpù náà ń dún ṣìì bí òjò tó jìnnà. Lẹ́yìn náà ni ariwo èrò, àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ẹnì kan tó ń wúkọ́. Ó mọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀: gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan níbí ní Ọ̀fà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìparí ọdún ẹ̀kọ́. Jàmíù fi igi ìlù ka ìlù wọlé, jìtá Gbádé ké, ọmọbìnrin kan sì gbẹ́nu lé orin:

*Ọyẹ́ la ètè mi, kò le la ohùn mi.*

Pirinsípà yí ojú rẹ̀ sí fóònù.

Láàrin orin náà, iná lọ. Jìtá dákẹ́ wìì, ìlù ta gìjà, ọmọbìnrin náà dúró. Èrò hó yèè. Bátìrì ló ń gbé téèpù ní tirẹ̀, kò dúró. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ariwo nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin yẹn tún bẹ̀rẹ̀, láìsí máìkì, láìsí jìtá. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ níbì kan, ó tún un mú, ó sì gbé e sókè títí gbogbo gbọ̀ngàn fi pa lọ́lọ́.

Nígbà tó parí, Pirinsípà gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Àdìkẹ́ nu ògì kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ta… ló ń… kọrin?"

"Èmi ni, Daddy."

"Mi ò… gbọ́ ọ… rí."

Òótọ́ ni. Kò wá sóde wọn rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí kò gbọ́ rí ló ní kó fi sílẹ̀.

"Ẹ ò béèrè," Àdìkẹ́ dá a lóhùn.

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Agbára ìbínú gan-an ò sí mọ́. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ká aṣọ lórí okùn kí òjò má baà pa á, ó wá jókòó lórí garawa tó da ojú dé, pẹ̀lú aṣọ lẹ́sẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí i lára kó tó dìde. Nígbà tó wọlé, ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ wà lórí fóònù, ó ń fi ìka tẹ ojú rẹ̀ kiri, kò sì rí i tẹ̀.

"Jẹ́… kó tún… kọ ọ́," ó ní.

Ó bá a tẹ̀ ẹ́, ó gbé abọ́ ògì tó ti tutù lọ sí ìdáná.

Lọ́jọ́ kejì ló pe Gbádé. Ó ní òun gbà, òun á fọwọ́ sí i. Gbádé sọ fún un pé àwọn òyìnbó fẹ́ gé ibi tí iná ti lọ kúrò, kí wọ́n sì yọ ibi tí ohùn rẹ̀ ti yẹ̀.

"Tí wọ́n bá gé e, kí wọ́n má fi orúkọ mi sí i," Àdìkẹ́ ní. "Bó ṣe rí nìyẹn. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tí àwo náà dé, Gbádé gbé méjì wá. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi gbọ́ ọ, wọ́n kàn ń wo ara páálí rẹ̀. Olúwabùnmi rí fọ́tò ọmọbìnrin onírun rẹpẹtẹ tó wà láàrin àwọn ọkùnrin mẹ́rin, ó ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó tún un kà.

"Mummy, ẹ̀yin rèé? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Pé mo kọrin rí? Ta ni kò kọrin rí?"

Ọmọ náà sunkún. Ìyá ò sunkún. Àwọn oníròyìn rédíò pè láti Ìlọrin pé kó wá, ó ní òun ò rí ẹni tí òun máa fi aláìsàn tì. Àwọn kan fẹ́ kó kọ díẹ̀ fún wọn lórí fóònù. Ó dán an wò nínú ìdáná lọ́jọ́ kan nígbà tó dá wà. Èémí rẹ̀ ò gbé e dé ìlàjì, ohùn náà sì han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ata tó ń gún.

Pirinsípà ni kò jẹ́ kí orin náà sinmi. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti wẹ̀ fún un tán, á nawọ́ òsì sí fóònù. Ó ti sú Àdìkẹ́. Ó mọ ibi tí ẹni yẹn ti ń wúkọ́ nínú èrò, ó mọ ibi tí àga ti ń wọ́ nílẹ̀.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sinmi díẹ̀," ó máa ń wí.

Ọkùnrin náà á fi ìdajì ẹnu tó kù fún un rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní kúrò níbi tó nà án sí. Àdìkẹ́ á mí kanlẹ̀, á gbé fóònù, á tẹ̀ ẹ́.