Máàpù Tí Àwọn Alábárò Bá Lará Yà

Lọ́dún 2009, ohun méjì ni Lará mọ̀ dunjú ní Kétu: kọ̀ǹpútà títẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn bí àpò ìrẹsì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lẹ́sẹ̀ láti kékeré, kẹ̀kẹ́ arọ ló fi ń rìn. Bó bá ti dé etí gọ́tà kan, ọkùnrin mẹ́ta á ti sáré dé, wọ́n á gbé òun àti kẹ̀kẹ́ sókè láìbéèrè, wọ́n á sì máa ṣàdúrà fún un lọ. Lará á ṣe àmín, á fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálẹ̀.

Ọ̀gá Oyèbámijí, tó ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìkòsì, ló pè é lórí fóònù nítorí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tó ń wá.

“Ọwọ́ rẹ yá, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ là ń wọṣẹ́, mi ò sì lẹ́ni tí màá rán wá gbé ẹ. Bó o bá lè dá wá fúnra rẹ lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ méjì òní, iṣẹ́ ti di tìẹ.”

“Màá dá wá, sà.”

Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán kó tó rántí pé òun ò mọ ọ̀nà tó máa gba kẹ̀kẹ́ débẹ̀.

Táyé, tó ni kafé tí Lará ti ń tẹ ìwé fáwọn èèyàn, fi máàpù kan hàn án lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. “Aunty Lará, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ohun tó mọ̀ sí i.” Wọ́n fẹnu kò: ọ̀nà tó gba kẹ̀kẹ́, àwọ̀ ewé, èyí tí kò gbà á, pupa. Wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí gbogbo ará fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ibi tí àtẹ̀gùn tàbí gọ́tà aláìníbòrí wà. Kó tó di alẹ́, mẹ́tàlélógójì ti wọlé. Gbogbo wọn ní ọ̀nà tẹ́jú, Ọlọ́run á ràn án lọ́wọ́. Máàpù Táyé wá dà bí oko ẹ̀fọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Lará gba ọ̀nà tí Mummy Fikáyọ̀, ọ̀kan lára àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, júwe. Níbi kọ́nà àkọ́kọ́, àtẹ̀gùn márùn-ún ń wò ó. Ó pe ìyá náà lórí fóònù.

“Mummy, àtẹ̀gùn wà níbí o.”

“Àtẹ̀gùn kẹ̀? Ogún ọdún ni mo ti ń gbabẹ̀! Háà. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aláwọ̀ búlúù yẹn? Ṣé ìyẹn náà lò ń pè ní àtẹ̀gùn?”

Màmá ò purọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti ń gun àtẹ̀gùn láti ogún ọdún láìsọ fún un.

Ibẹ̀ ni Lará ṣì wà nígbà tí Gbénró, alábárò tó ń bá wọn kẹ́rù láti ọjà Mile 12, fi bárò rẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́rin kọjá.

“Sister, ibẹ̀ ò ṣeé gbà. Ẹ gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù.”

“Ó dá yín lójú?”

“Ẹ wo tòmátì yìí. Bí mo bá gbé e gba orí àtẹ̀gùn, ọbẹ̀ ni màá gbé dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.”

Lará wò ó bí ẹni tó rí ìbátan tó sọ nù. Lọ́jọ́ kejì, Gbénró kó alábárò mọ́kànlá wá sí kafé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jiyàn lórí ọ̀nà.

“Géètì ẹ̀sítéètì yẹn, irin wà nísàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà kékeré. Bárò ò lè kọjá.”

“Ó máa kọjá, tó o bá kọ̀yìn sí i.”

“Ìwọ, kí lo kì í kọ̀yìn sí?”

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, oko ẹ̀fọ́ ti di oko ata. Kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ tíì dùn tó ti Lará rí nítorí pé ọ̀nà ò ṣeé gbà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, wíwọ́ ni, ó jìn, gọ́tà kan sì la ẹnu sílẹ̀ lágbedeméjì rẹ̀. Àwọn alábárò fi pákó tó nípọn bò ó. Ó ti ń dààmú àwọn náà tipẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Lará dúró níwájú ilé ìtẹ̀wé. Ẹnikẹ́ni ò gbé e. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá Oyèbámijí jáde. “Ta ló gbé ẹ wá?”

“Kò sẹ́nì kankan, sà.”

“O káre! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wá gbé e wọlé.”

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣèyọnu, sà.” Ó yọ máàpù tí Táyé tẹ̀ jáde fún un, ó sì mú bírò pupa. “Ibí yìí nìkan ló kù tá ò tíì kùn. Mo fẹ́ fi pupa sí i, pé kẹ̀kẹ́ ò lè wọlé.”

Ọ̀gá rí orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. “Ta ni yóò rí i?”

“Ẹni tó bá ṣáà ní íńtánẹ́ẹ̀tì, sà. Títí dé London.”

“Dúró ná. Má tíì kùn ún.” Ó pe káfíńtà kó wá fi pákó tẹ́ orí àtẹ̀gùn.

Aago mẹ́sàn-án kọjá nígbà tí Lará ti ara rẹ̀ gba orí pákó tuntun wọlé. Ọ̀gá wo aago, ó wo pákó, kò sì bá a sọ̀rọ̀ pípẹ́ dé.