Ìwé Tí Ìyá Mi Bá Mi Yàn ní Ìkẹ́rẹ́

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Òǹdó, orí gbogbo wa ló wú. Ní Ìṣẹ́ níbi tí à ń gbé, ẹni tí kò dé Adó rí náà ń retí iṣẹ́ ìjọba. Bàbá mi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì kí ewúrẹ́ láàárọ̀. Èmi ní tèmi, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń wò. Mo ti ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, gbogbo iṣẹ́ yòókù dára, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló já mi kulẹ̀. Bàbá ní kí n tún un ṣe. Bí kò bá bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí, kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n òun lóko kòkó ní Ìmẹ̀sí-Lásígídí.

Kọ́pà kan, ọmọbìnrin tó ń kọ́ni ní girama, ń gbé yàrá iwájú ilé wa. Mo kọ àròkọ kan nípa iná tó jó oko, mo gbé e fún un. Inú ìwé atúmọ̀ èdè Bàbá ni mo ti ṣa ọ̀rọ̀, èyí tó gùn jù ni mo ń mú. Ó kà á, ó kà á, ó wá wò mí.

"Àbúrò, iná dà?"

"Ó wà lójú ewé kẹta."

"Kó o tó débẹ̀, oko á ti jó tán."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ní kí n lọ ra ìwé ìtàn, kí n má wá èyí tó le. "Èyí tí o bá ka ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ tí ara rẹ ò balẹ̀ mọ́, òun ni kó o gbé."

Ìyá mi, tó ń ta iṣu, ló mú mi lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Ọkùnrin kan wà nítòsí gáréèjì tó máa ń tẹ́ àwọn ìwé àlòkù sórí tápólì. Bí Ìyá mi ṣe ń yan iṣu gan-an ló ṣe yan ìwé: ó gbé ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan lósì, ó ń jù wọ́n sókè díẹ̀díẹ̀.

"Èyí ni. Ẹ wò ó bó ṣe ki."

"Màmá, ìwé ìtọ́jú màlúù nìyẹn," ni oníwèé wí.

"Ṣé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Ó tán."

Mo ti mú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání ní tèmi. Ó wò ó bíi pé ó ń ṣàìsàn. "Èyí rù. Uṣu tó bá rí báyìí, n kì í gbé e kúrò lóko." Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n ka ojú ewé kan fún un. Mo ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ń sọ ọ́ ní èdè ilé wa: ọkọ obìnrin kan, káfíńtà, ń ṣàìsàn. Obìnrin náà wọ aṣọ ọkọ rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀ kí wọ́n má baà gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ. Ó ń rẹ́ pákó lọ́wọ́ ni ọ̀gá wọlé, ó ní kí ó ṣí fìlà.

Mo pa ìwé dé.

"Ṣé ó ṣí i?"

"N kò tíì kà débẹ̀, Màmá."

Ó ju ìwé màlúù sílẹ̀. "Gbé e. A ò lè fi obìnrin yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì, Ìyá mi ò jẹ́ kí n sinmi, àfi kí n máa kà á lọ. Àwọn tó wà níwájú yí ọrùn padà. Bàbá kan tó gbé àdá sẹ́sẹ̀ ní, "Fìlà wo?" Mo bá tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi pín sí méjì. Àwọn ọkùnrin ní obìnrin náà ń tan ọ̀gá jẹ. Ìyá mi ní, "Kí ni ọ̀gá fẹ́ fi orí rẹ̀ ṣe? Ṣé orí ló fi ń rẹ́ pákó ni?"

Dẹ́rẹ́bà dín eré kù. "Àǹtí tó ń kàwé, ẹ gbé ohùn sókè, èmi ò gbọ́ níwájú níbí."

Bí mo bá kan ọ̀rọ̀ tí n kò mọ̀, kò sí àyè àtiwo ìwé atúmọ̀ èdè. Mo ní láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí n fi yọ ìtumọ̀ rẹ̀ kíákíá, torí wọ́n ń pariwo lé mi lórí pé lẹ́yìn náà ńkọ́.

Kọ̀ńdọ́ gbá ara ọkọ̀ níbi tí obìnrin kan ti fẹ́ sọ̀.

"Ìyá, ẹ ti dé o."

"Ta ló dé? Kò tíì ṣí fìlà."

Ó bá wa lọ títí dé Ìṣẹ́, ó ní òun á wọ ọ̀kadà padà. Nígbà tí obìnrin inú ìwé wá ṣí fìlà, ọ̀gá ní òun ti mọ̀ látàárọ̀, pé ọkọ rẹ̀ kò rẹ́ pákó gún bẹ́ẹ̀ rí, ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ariwo ẹ̀rín ta nínú ọkọ̀, àfi bíi pé gbogbo wa la gba iṣẹ́ náà.

Mo ka ìwé yẹn títí ó fi ya, mo sì wá òmíràn tó dà bíi rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n ní ká kọ ohun kan tó ṣojú wa. Mo kọ nípa obìnrin tó kọ̀ tí kò sọ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn kan fẹ́ yọjú, mo rántí bí ojú bàbá aládàá yẹn ṣe rí nígbà tó ń béèrè pé fìlà wo, mo pa ọ̀rọ̀ náà tì.

Nígbà tí èsì dé, Bàbá ló lọ wò ó. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá bolẹ̀.

Ìyá mi ní, "Bàbá ọmọ, ṣé ó bọ́ sí i ni àbí kò bọ́ sí i?"

"Ó bọ́ sí i."

Ó fà mí lọ́wọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í jó lágbàlá láàárín àwọn ewúrẹ́. Bàbá ní kí a rọra, kí àwọn ará àdúgbò má rò pé orí wa ti dàrú. Kò pẹ́, òun náà bọ́ bàtà, ó bọ́ sójú agbo.