Ibi Tí Orin Wa Ti Dákẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí omi kànga ṣì ń wúwo lórí mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń kọ orin rọ́ọ̀kì káàkiri Ọ̀tà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá irun sí, tẹ́ ẹ wọ ṣòkòtò tó ń gbálẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀: ẹ̀gbọ́n mi ń kọrin, ọ̀kan ń ta gìtá, ìkẹta ń lu dírọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo di ọmọge, wọ́n mú èmi náà mọ́ra, mo di ẹlẹ́gbè.

Bàbá wa ni ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa ní Jójú, ní Sáńgo Ọ̀tà. Nígbà tí àìsàn gba ohùn rẹ̀, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá sílé. Wọn ò jà, wọn ò halẹ̀. Wọ́n ní ohùn tí Ọlọ́run fún bàbá, òun náà ló fún ọmọ, ẹni tó bá sì ń pe ìrun kò tún gbọdọ̀ máa bá onígìtá kiri. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́. Ohun tó tọrọ kò ju pé kí òun parí àwo orin tó wà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n gbà fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun.

Orin kan ló kù. Yàrá tí a ti ń gbohùn kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ó fara ti kọ́ńpìnnì irin. Bí ẹ̀rọ wọn bá ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, téèpù ò ní gbọ́ nǹkan mìíràn. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló máa ń dákẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ kírun. Ẹ wá wò ó: ìgbà tí a lè gbohùn ni ẹ̀gbọ́n mi wà ní mọ́ṣáláṣí. Kìrìsìtẹ́nì ni onígìtá àti onídírọ́ọ̀mù, inú kọ́ńpìnnì yẹn gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Jímọ̀ kò pọn dandan fún èmi obìnrin. A wá ṣàdéhùn pé kí àwa mẹ́ta gba tiwa sílẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi wá fi ohùn tirẹ̀ lé e bó bá kírun tán, kí ẹ̀rọ kọ́ńpìnnì tó tún bẹ̀rẹ̀.

A ti dé àárín orin nígbà tí ìpè ìrun kejì, èyí tó ṣáájú wáàsí Jímọ̀, dún láti mọ́ṣáláṣí. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Onígìtá gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn, onídírọ́ọ̀mù dá ọwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì. A dákẹ́ títí ó fi pè é tán, téèpù ń yí lọ, lẹ́yìn náà a bá orin wa lọ. Téèpù tó kù kò tó láti tún un ṣe.

Bí wọ́n ṣe kírun tán, ẹ̀gbọ́n mi sáré dé pẹ̀lú jàlàbíà lọ́rùn. Ó bá àwọn méjì yòókù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń padà síbi iṣẹ́.

"Ó ku tìẹ," ni onígìtá wí.

"Ẹ ṣeun," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Bí ẹgbẹ́ ṣe tú ká nìyẹn. Mo dúró, mo ń retí kó dùn mí, kò dùn mí. Ó kàn dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú.

Ẹni tó ń gbohùn fún wa tẹ téèpù, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lé e. Nígbà tó dé ibi tí a ti dákẹ́, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń pe ìrun láti òkèèrè. Ó pa ẹnu dé. Mo rò pé yóò ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí gìtá fi padà, ó sì kọ ọ́ parí.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ló wí. Kò kọrin mọ́ láyé rẹ̀. Èmi náà ò kọ ọ́ mọ́.

Kọ́ńpìnnì yẹn ti kógbá sílé. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí Sáńgo dákẹ́ mọ́, ọjọ́ Jímọ̀ pàápàá. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Láyé ìsinyìí, orí bẹ́ẹ̀dì lọmọdé ti ń ṣe àwo orin tirẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọmọ mi gbé orin wa sórí fóònù rẹ̀.

"Gíránmà, ibì kan ṣófo láàárín orin yìí o, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé kí n gé e kúrò?"

Mo ní kó má gé e, kó gbé fóònù náà sún mọ́ mi létí. Ibi tó ní kò sí nǹkan kan yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀.