Ìpè Tí Arvella Skaggs Kò Gbé

Oṣù mọ́kànlá ni ìwé àyẹ̀wò tó sọ pé nǹkan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró Dorsey Skaggs fi wà nínú fáìlì Dókítà Pruett. Kò sẹ́ni tó sọ fún Dorsey títí ó fi kú. Arvella ìyàwó rẹ̀, tó ń se oúnjẹ iléèwé ní ìlú awakùsà tí a ń gbé ní West Virginia, bá gbé dókítà lọ sílé ẹjọ́. Agbẹjọ́rò dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ parí ẹ̀. Arvella gbà, àmọ́ ó ní wọ́n máa kọ ohun kan sínú ìwé àdéhùn: Pruett fúnra rẹ̀ ni yóò máa pe aláìsàn kọ̀ọ̀kan láti sọ èsì àyẹ̀wò, ì báà dára, ì báà burú, yóò sì ní kí onítọ̀hún tún un sọ, kó lè dá a lójú pé ó yé e; bó bá kùnà lórí ẹnì kan ṣoṣo, yóò ti ilé ìwòsàn rẹ̀ pa.

A rò pé àánú wa ló ṣe é. Rárá o. Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà máa rántí Dorsey nígbàkígbà tó bá gbé fóònù ni. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń ṣọ́ ọ. Bó bá pàdé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó kí mi, á bi mí bóyá dókítà pè. Tí mo bá ní ó pè, ojú rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì.

Lọ́dún keje, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan nínú ọmú ara rẹ̀. Kò sí dókítà mìíràn nítòsí, ló bá lọ sọ́dọ̀ Pruett, wọ́n ya àwòrán ọmú náà, wọ́n sì gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ Ajé, fóònù dún. Ó rí i pé dókítà ni, kò gbé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ṣe lòun jókòó tì í, tí òun ń gbàdúrà kí pípè sú ọkùnrin náà. Ó ti ṣe tán láti kú, bí ikú rẹ̀ bá lè ti ilẹ̀kùn Pruett pa.

Lọ́jọ́rú, dókítà àti nọ́ọ̀sì rẹ̀ gba ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná iléèwé.

“Ìyáàfin Skaggs, jẹjẹrẹ ni. Kò tíì tàn. Wọ́n ń retí yín ní Charleston lọ́la, aago mẹ́wàá. Ẹ tún un sọ fún mi.”

“Ẹ̀rù mi ló gbé ẹ wá síbí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa. Kó máa bà ẹ́ lọ títí wọ́n á fi sin ẹ́.”

“Mo gbọ́. Ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ, bí ẹni ń tutọ́ sílẹ̀. Dókítà kọ ọ́ síwèé, nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ yá. Nígbà tí mo gbé ọbẹ̀ adìyẹ lọ kí i, mo ní kó wá dárí ji ọkùnrin náà wàyí. Ó ní tó bá jẹ́ ìyẹn ni mo bá wá, kí n gbé ọbẹ̀ mi, kí n máa lọ.